Ọlọ́lá Tó Gba "Kò Tó Nǹkan Lójú Yín" Gbọ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kó má di pé mo tàn yín: mi ò fẹ́ràn Ọ̀gbẹ́ni Forugmand rí, mi ò sì ní fẹ́ràn rẹ̀ títí ìtàn yìí á fi parí. Ẹni tó bá ń wá ìtàn tí wọ́n ti ń káàánú ọ̀gá, kó yáa yà sílé kejì. Òun ni ìjọba fi ṣe olórí Ilé-iṣẹ́ Ọjà nílùú wa, ìlú kékeré kan létí aṣálẹ̀ ní apá Yazd, tí kò ní ju òpópónà mẹ́ta àti ẹgbẹ̀rún kẹ̀kẹ́ lọ. Kó tó dé, ọjà wa kò ní olórí, ó sì ń ná dáadáa. Lójú ara rẹ̀, ọkùnrin yìí ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Lójú tèmi, bó bá dúró ti kẹ̀kẹ́, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án lágbọ̀n.

Bí ẹ bá pè é ní "Ọ̀gbẹ́ni," etí rẹ̀ di. Bí ẹ bá ní "Ọlọ́lá," á yí ọrùn díẹ̀. Àfi tí ẹ bá ní "Ọlọ́lá Gíga Jùlọ, òòrùn tó ń ràn sórí ọjà wa," ìgbà yẹn ló tó máa béèrè pé, "Ta ló ń pè mí?" Àṣé òòrùn aṣálẹ̀ kò tó wa.

Igba ìṣísẹ̀ péré ni ilé rẹ̀ sí ọ́fíìsì, ọkọ̀ dúdú ló sì ń gbé e lọ. Awakọ̀ á kọ́kọ́ yí gbàgede ìlú po lẹ́ẹ̀mẹta, kó lè jọ pé ọ̀nà jíjìn ni ọ̀gá ti ń bọ̀. Àwọn akọ̀wé mẹ́ta á ti tò sẹ́nu ọ̀nà dè é. Safdar, akọ̀wé àgbà, ni agbẹnusọ wọn. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, tí kò sí ohun tí wọ́n ní kó kọ tí kò ní kọ.

"Ọlọ́lá, ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"Mo sùn bí ẹni tó ń ronú nípa ìlú."

"Háà! Ìlú ò mọ oore tó ṣe tó fi rí yín! Àná tí ẹ ò wá, omi tíì kọ̀, kò hó. A koná mọ́ ọn, a tún koná mọ́ ọn, ó ní òun ń dúró dè yín."

"Òní ńkọ́?"

"Bó ṣe gbọ́ ìró ọkọ̀ yín báyìí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó."

Forugmand á mi orí, á wọlé. Ó gbà á gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ohun tí a ò mọ̀ ni pé ẹni tó bá lè gbà gbọ́ pé omi tíì ń dúró de òun, kò sí ohun tí kò lè gbà gbọ́.

Nílùú wa, ta ni kì í gun kẹ̀kẹ́? Ìmáàmù ń gùn ún tòun ti láwàní. Oníbúrẹ́dì ń gùn ún pẹ̀lú àtẹ búrẹ́dì lórí, kò sì ní di àtẹ náà mú. Forugmand nìkan ni kò mọ̀ ọ́n gùn. Ó ní ẹsẹ̀ ènìyàn pàtàkì kò gbọdọ̀ máa yí po sójú kan náà bí ẹsẹ̀ màlúù tó ń fa omi.

Láràárọ̀ Jímọ̀, ọjà kẹ̀kẹ́ àlòkù máa ń ná lẹ́yìn ilé omi àtijọ́. Ẹ má rò pé ọjà aláriwo ni o. Ìtìjú wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé sì wà níbẹ̀. A kì í fi ẹsẹ̀ ta táyà kẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn. A kì í sọ lójú olówó ẹ̀ pé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti gbó, ohun tí a máa ń wí ni pé, "Kẹ̀kẹ́ yìí ti rí ayé." Ẹni tó ń tà ló máa fẹnu ara rẹ̀ ka àléébù ọjà rẹ̀: "Ẹ má bínú o, bíréèkì rẹ̀ kì í tètè gbọ́ràn." Ẹni tó ń rà á sì ní, "Èmi náà kì í tètè gbọ́ràn, a ó mọwọ́ ara wa."

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ìgbà tí wọ́n bá béèrè iye. Ẹni tó ń tà kò gbọdọ̀ dárúkọ owó. Ọwọ́ ló máa gbé láyà, á ní: "Kò tó nǹkan lójú yín. Ẹ máa mú un lọ." Ẹni tó ń rà á dáhùn: "Ẹni tó ni ín ló tó nǹkan." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa sọ ọ́ síra wọn. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta ni owó tó máa jáde, tí ìnájà gidi á wá bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á sì máa bá ara wọn fà á lórí owó tómánì kan ṣoṣo bí ẹni pé wọn ò mọra rí. Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá ẹnìkan nídìí oúnjẹ tó ní kí ẹ wá bá òun jẹ ẹ́. Ọmọlúàbí á ní, "Á gba ibi ire o," á sì kọjá. Ta ló máa ń fa àga, tó máa fọwọ́, tó máa bu òkèlè?

Forugmand ni.

Jímọ̀ àkọ́kọ́ tó wá bẹ ọjà wò, ó rí kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé kan tí aago rẹ̀ ń dán gbinrin. Oníbúrẹ́dì kan ló fẹ́ tà á, kó lè fi ra èyí tó tóbi jù ú lọ. Ọlọ́lá fi orí ọ̀pá rẹ̀ tọ́ ọ.

"Èló ni?"

Oníbúrẹ́dì gbé ọwọ́ láyà. "Ọlọ́lá, kò tó nǹkan lójú yín. Ẹ máa mú un lọ."

"O ṣeun," ni Forugmand wí. "Safdar, gbé e."

Oníbúrẹ́dì la ẹnu, kò rí i pa dé. Kí ló fẹ́ sọ? Ṣé kó ní, "Ẹ dákun, mi ò fi tọkàn sọ ọ́ ni"? Nílùú wa, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ rẹ̀ ò ní rílé fẹ́ ìyàwó. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn. "Ẹ ó lò ó pẹ́, Ọlọ́lá," ló wí, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Kí oṣù méjì tó pé, kẹ̀kẹ́ mẹ́wàá ti wà lágbàlá Forugmand, wọ́n fara ti ògiri bí ẹlẹ́wọ̀n. Kò gun ọ̀kankan. Nírọ̀lẹ́, á gbé tíì rẹ̀ jókòó síwájú wọn, á máa wí fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Wò ó bí wọ́n ṣe fẹ́ràn mi tó." Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: olè mọ̀ pé òun ń jalè. Eléyìí ò mọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀hún nìyẹn.

Ìgbà yẹn ni kẹ̀kẹ́ Yadollah dé ọjà. Yadollah ti kú lásìkò òtútù. Kẹ̀kẹ́ dúdú kan péré ló fi sílẹ̀ fún Golandam, ìyàwó rẹ̀, kẹ̀kẹ́ tó máa ń fi òróró pa lójoojúmọ́ bí ẹni ń pa ọmọ lára. Obìnrin kan láti Teheran, Nezhat, ti yà sílé Golandam lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìsìnkú. Iṣẹ́ Nezhat ni kó máa wá àwọn ọmọbìnrin kéékèèké fún àwọn olówó Teheran, kí wọ́n máa bá wọn fọṣọ, kí wọ́n máa bá wọn nulẹ̀. Mahrokh, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọmọ kan ṣoṣo tí Golandam bí, ló tẹjú mọ́. Golandam kò ní ohun tó máa fi bọ́ ọmọ náà di ìgbà òtútù mìíràn, Nezhat sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ kan ló kù. Bàbá arúgbó kan ládùúgbò fẹ́ kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Mashhad, ó sì fẹ́ ta òfì tó fi ń hunṣọ. Golandam mọ aṣọ hun láti kékeré. Owó kẹ̀kẹ́ náà gẹ́lẹ́ lowó òfì. Bí òfì bá wọlé, Mahrokh ò rebì kankan. Bí kò bá wọlé, Teheran ni. Bàbá náà ní òun á dúró dè é di Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù, òun ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Golandam bá ti kẹ̀kẹ́ wá. Usta Mehraban, àgbà atúnkẹ̀kẹ́ṣe tí ọjà ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ìyá Mahrokh, ẹ kú àfẹ́kù o. Kẹ̀kẹ́ yìí lágbára ju àwa tí à ń tún un ṣe lọ. Tíṣà Bamdad ń wá irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe kíá, kí Òòrùn Ọjà tó yọ."

Tíṣà Bamdad, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, dé, ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe yẹ.

"Ẹ kú ọjà, Ìyá Mahrokh. Kẹ̀kẹ́ yìí mà ti rí ayé o."

"Ó ti rí i, Tíṣà. Ẹ má bínú, ṣéènì rẹ̀ máa ń kùn díẹ̀ tó bá ń gun òkè."

"Ta ni kì í kùn tó bá ń gun òkè? Èló ni, ìyá?"

"Kò tó nǹkan lójú yín."

"Ẹni tó ni ín ló tó nǹkan."

"Ẹ jọ̀ọ́, kò tó nǹkan lójú yín."

"Ẹni tó ni ín..."

Bí ọkọ̀ dúdú ṣe dúró nìyẹn. Forugmand sọ̀ kalẹ̀. Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo Golandam. "Tìẹ ni? Èló ni?"

Usta Mehraban bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú sí obìnrin náà. Tíṣà wúkọ́. Oníbúrẹ́dì wúkọ́. Kó tó di ìṣẹ́jú kan, gbogbo ọjà ń wúkọ́ bí ilé ìwòsàn. Golandam mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ó pa ètè méjèèjì pọ̀ gírígírí. Ṣùgbọ́n ahọ́n tí wọ́n ti fi ẹ̀kọ́ tọ́ fún ogójì ọdún kì í dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

"Ọlọ́lá, kò tó nǹkan lójú yín."

"O ṣeun. Safdar!"

Nínú obìnrin mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ì bá lọ sunkún nílé. Golandam di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ gbọ́. Ẹ̀kọ́ ilé ni mo fi sọ ọ́. Mi ò fi ta yín lọ́rẹ. Ọmọ mi ni kẹ̀kẹ́ yìí o!"

"Kí lo wí?"

"Mo ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Gbogbo ayé ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó fún yín ní kẹ̀kẹ́ kan látìgbà tí ẹ ti dé, Ọ̀gá. Ojú ló ń tì wọ́n, wọn ò lè sọ."

Yéè! Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ọjà ti gbé mì fún oṣù méjì ni obìnrin yìí pọ̀ jáde. Ojú Forugmand pọ́n, ó tún funfun.

"Ṣé ohun tí ò ń wí ni pé irọ́ ni ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń bọ̀ fún mi?"

"Irọ́ kọ́, Ọ̀gá. Ẹ̀kọ́ ni."

"Safdar! Òótọ́ ni àbí irọ́?"

"Ọlọ́lá," ni Safdar wí, ó tẹríba dé eékún, "ìgbàkígbà tí ẹ bá ti béèrè, òótọ́ ni."

Inú Forugmand rọlẹ̀. Ó gorí àpótí kan, ó na ọ̀pá sókè. "Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ṣé nítorí kẹ̀kẹ́ ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀? Kí ni mo fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ṣe? Èmi tí ìyẹ́ ń bẹ ní ìrònú mi! Nítorí òtítọ́ ni! Òtítọ́ ti ń rìn kiri ayé bí ọmọ òrukàn, ìlú yìí ló ti wá rí bàbá, èmi sì ni bàbá ọ̀hún!" Safdar ti ti kẹ̀kẹ́ náà lọ. Ẹnìkan ṣoṣo pàtẹ́wọ́. Awakọ̀ rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n kan pátákó mọ́ ògiri ilé omi: LÁTI ÒNÍ LỌ, GBOGBO Ọ̀RỌ̀ Ọ̀WỌ̀ TÍ ẸNIKẸ́NI BÁ SỌ NÍNÚ ỌJÀ YÌÍ, ÒÓTỌ́ NI. ẸNI TÓ BÁ FÚNNI TI FÚNNI. AKỌ̀WÉ YÓÒ MÁA KỌ Ọ́ SÍLẸ̀.

Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ọjà di ilé àwọn odi. Safdar jókòó sáàárín, ìwé ńlá lórí itan, gègé lọ́wọ́. Ọkùnrin kan pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò rí láti ọjọ́ pípẹ́, ó fẹ́ kí i bí a ṣe ń kíra wa pé, "Kí n kú dípò rẹ," ó rí gègé Safdar, ó yáa fi ọwọ́ bo ẹnu. Alátíì gbé ife kan fún Safdar fúnra rẹ̀: "Ẹ mu ún, kò tó nǹkan." Safdar mu ún tán, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá béèrè bóyá ife nìkan ni àbí ìkòkò náà wà nínú ẹ̀. Alátíì gbé ìkòkò rẹ̀ tó ń hó, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Èyí tó burú ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwa tó kù. "Èló?" "Ọgọ́rin." "Àádọ́ta." "Kọjá." "Ìwọ gan-an kọjá." Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ ta táyà. Bàbá àgbà kan sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti gbó. Ìyẹn dá a lóhùn pé ìyá rẹ̀ ló gbó. Àádọ́rin ọdún ni àwọn méjèèjì ti jọ ń gbé àdúgbò kan náà, ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ na ara wọn. Ojú tì mí, kí n má parọ́. Àwa tí a rò pé ẹ̀kọ́ ilé wa jinlẹ̀!

Golandam lọ sí ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń rí Ọlọ́lá láìkọ́kọ́ yin àga rẹ̀.

"Àga yẹn dára," ni Golandam wí.

"Kò tó," ni Safdar wí. "Ẹ sọ pé ó ń tàn."

"Ó ń tàn. Ṣé mo lè wọlé?"

"Ẹ fi omijé díẹ̀ sí i, ìyá, ẹ padà wá lọ́la."

Nígbà kẹta ni wọ́n jẹ́ kó wọlé. Forugmand ń jẹ súwíìtì oníhóró, ìyẹ̀fun ṣúgà kún irùngbọ̀n rẹ̀.

"Obìnrin, mo ti gbàgbé ìwọ̀sí tí o fi lọ̀ mí. Mo ti dárí jì ọ́."

"Kẹ̀kẹ́ mi ńkọ́, Ọ̀gá?"

"Mo ní mo dárí jì ọ́, ò ń béèrè kẹ̀kẹ́! Ẹ̀yin ènìyàn yìí ò nítẹ̀ẹ́lọ́rùn."

"Wọ́n máa mú ọmọ mi lọ sí Teheran."

"Teheran! Ìlú tó gbayì. Kó bá mi kí wọn o."

Nígbà tí mo gbọ́ ìdáhùn yìí, bàtà mi ni mo wò lẹ́sẹ̀, mo ń wá orí tí n ó sọ ọ́ lù. Golandam dìde, ó lọ sílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ méjèèjì tí Mahrokh ní, torí Nezhat ti ránṣẹ́ pé Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù lòun ń bọ̀, lọ́sàn-án.

Àárọ̀ Jímọ̀ yẹn gan-an ni alábẹ̀wò dé láti olú-ìlú ìpínlẹ̀. Taslimi ni wọ́n ń pè é, bàbá tínrín kan tí inú máa ń run, tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn. Ọmọlúàbí èèyàn ì bá mú un lọ sí ọ́fíìsì, kó fún un ní omi gbígbóná mu. Forugmand mú un wá sí ọjà kẹ̀kẹ́, kó lè fojú ara rẹ̀ rí bí ìlú ṣe fẹ́ràn olórí rẹ̀ tó. Wọ́n ti kan pèpéle. Wọ́n ti kó kẹ̀kẹ́ mọ́kọ̀ọ̀kànlá wá láti àgbàlá, wọ́n so òdòdó mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n kọ ẸBÙN ÌFẸ́ sí iwájú wọn. Wọ́n ní kí gbogbo ará ọjà jáde, a jáde. Safdar jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ó ṣí ìwé.

"Ọ̀gbẹ́ni Alábẹ̀wò!" ni Forugmand fi ohùn ńlá wí. "Ẹ tẹ ojú mi mọ́lẹ̀ kí ẹ fi gòkè! Ta ni mo jẹ́? Ekuru ni mí. Ekuru lásán kọ́, ekuru orí bàtà yín!"

"Ó dáa, ẹ ṣeun," ni Taslimi wí, ó ń wá ibi tó máa jókòó sí.

"Ilé mi? Kò tó nǹkan lójú yín, tiyín ni! Ọkọ̀ dúdú yẹn? Tiyín ni! Àga tí mo ń jókòó lé ní ọ́fíìsì, kò tó nǹkan lójú yín, ẹ máa gbé e lọ!"

Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni, bóyá ilé ì bá má jó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti gba ìsáré kì í mọ ibi kòtò. Ó fẹ́ kí alábẹ̀wò rí ìrẹ̀lẹ̀ òun. Ó yíjú sí wa, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ̀yin ará ọjà, ẹ̀yin ẹyinjú mi! Ṣé ẹ rò pé tèmi làwọn kẹ̀kẹ́ yìí? Tì o! Tiyín ni wọ́n! Ẹrú yín ni mí! Ohunkóhun tí ẹ bá rí lọ́wọ́ mi, ẹ máa mú un lọ!"

Ó ń retí àtẹ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo tí à ń gbọ́ ni gègé Safdar tó ń họ orí ìwé, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó má kọ ti ọ̀gá.

"Mo gbà," ni ohùn obìnrin kan wí.

Golandam ni. Ó rìn gba iwájú pèpéle, ó dé ìdí kẹ̀kẹ́ dúdú, ó tú òdòdó kúrò lára rẹ̀.

"Kí ni obìnrin yìí ń ṣe?"

"Mo ń gba ẹ̀bùn, Ọlọ́lá. Ọlọ́run á fi kún un fún yín."

"Èmi náà gbà," ni oníbúrẹ́dì wí. "Èmi náà gbà!" "Èmi náà gbà, ti pupa yẹn ni tèmi!" Kí á tó ṣẹ́jú, ọwọ́ ti wà lórí kẹ̀kẹ́ mọ́kọ̀ọ̀kànlá.

"Ẹ fi sílẹ̀!" Forugmand bẹ́ sílẹ̀ láti orí pèpéle, fìlà rẹ̀ ṣubú. "Ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀yin aláìlẹ́kọ̀ọ́! Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mò ń sọ! Ẹ̀kọ́ ilé ni mo fi sọ ọ́!"

"Ọ̀gá," ni Golandam wí, kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè, "ohun tí mo wí fún yín nìyẹn."

Usta Mehraban mú alábẹ̀wò lọ́wọ́ jẹ́jẹ́, ó mú un dé iwájú pátákó. Taslimi wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí Safdar ka ohun tó kọ.

Safdar dìde, ó wú ikọ́. "Ilé: ti Alábẹ̀wò. Ọkọ̀: ti Alábẹ̀wò. Àga ọ́fíìsì: ti Alábẹ̀wò. Kẹ̀kẹ́ mọ́kànlá: ti ará ọjà. Ọlọ́lá fúnra wọn: ẹrú ará ọjà. Ekuru..." Ó gbé ojú sókè. "Ẹ dákun, mi ò mọ abẹ́ ta ni kí n kọ ekuru sí."

Ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ yẹn, ìhà mi ń dùn mí títí di ìsinmi tó tẹ̀lé e. Taslimi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Forugmand, ọ̀kan nínú méjì ni. Bí ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ bá jẹ́ ẹnu lásán, a jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ oníkẹ̀kẹ́ lẹ kó. Ẹ bẹ̀ wọ́n, ẹ dá a padà, kí á já pátákó yìí lulẹ̀, kí ẹ padà sórí àga yín. Bó bá sì jẹ́ òótọ́, àga ti di tèmi. Èwo ni?"

Ṣé ẹ gbọ́ bí bàbá náà ṣe ṣàánú rẹ̀ tó? Ọmọdé tó ṣì ń mu ọmú mọ èyí tó yẹ kó mú. Ẹ̀bẹ̀ kékeré kan péré, kó sì padà sídìí súwíìtì rẹ̀. Ṣùgbọ́n Forugmand dúró, ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Látọjọ́ tó ti dé ni a ti ń pè é ní òòrùn, ní òpó, ní bàbá. Bó bá gbà pé ẹnu lásán ni, kí ló kù? Ọkùnrin kúkúrú kan nínú ọkọ̀ ìjọba.

"Òótọ́ ni!" ló pariwo, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ òótọ́! Wọ́n fẹ́ràn mi!"

"Ẹ ṣeun," ni Taslimi wí, ó bọ́ awò ojú. "Mo gba àga."

Awakọ̀ Forugmand ti ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún alábẹ̀wò kí gbólóhùn náà tó tán. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tiẹ̀ kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó kó o bá ìdí tó ń jókòó sórí àga. Lọ́jọ́ Ajé ló wọ bọ́ọ̀sì, òun àti ìyàwó rẹ̀, láàárín àwọn àgò adìyẹ. Àwa ará ọjà sì lọ sìn ín, torí a ò lè ṣe kí á má sìn ín. Gbogbo wa gbé ọwọ́ láyà: "Ọlọ́lá, ẹ má lọ o! Ìlú á ṣófo! Ta lẹ fẹ́ fi wá sílẹ̀ fún?"

Ẹ ò ní gbàgbọ́: ọkùnrin náà ní kí awakọ̀ bọ́ọ̀sì dúró. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀.

Usta Mehraban rọra gbé ẹsẹ̀ náà padà sínú bọ́ọ̀sì fún un. "Ẹnu lásán ni, Ọ̀gá," ló wí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n mo ti sáré jù. Ẹ jẹ́ ká padà sí Jímọ̀ yẹn, torí òòrùn ti ń lọ, ọkọ̀ ẹrù tó máa gbé bàbá arúgbó lọ Mashhad sì ti ń ru èéfín lẹ́nu ọ̀nà. Golandam àti Tíṣà Bamdad ò ní àkókò. Wọ́n sáré sọ ti ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ọmọ iléèwé tó ń ka ìṣirò: kò tó nǹkan lójú yín, ẹni tó ni ín ló tó nǹkan, kò tó nǹkan, ẹni tó ni ín, kò tó, ẹni tó ni ín, èló ni? Tíṣà kò ná an, ó kàn kówó sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tún fi kẹ̀kẹ́ náà gbé Golandam lọ sílé bàbá arúgbó, ṣéènì ń kùn ní gbogbo òkè. Wọ́n bá a tó ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀. Ọkùnrin mẹ́rin gbé òfì náà gba ojú pópó kọjá, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí iyàrá tí Yadollah kú sí.

Òógùn ò tíì gbẹ lára wọn tí Nezhat fi kanlẹ̀kùn. Ó wọ aṣọ tó dára, ọkọ̀ kan dúró sẹ́yìn rẹ̀. Mahrokh wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ti di ẹrù rẹ̀, ó dì í mọ́ra.

"Ìyá Mahrokh, ẹni ọ̀wọ́n mi, kí n kú dípò yín! Orí ẹyinjú mi ni ọmọ yìí á máa gbé. Bí mo bá ní àkàrà kan, tiẹ̀ nìdajì. Ẹ sọ fún un kó wọ bàtà."

"Rárá," ni Golandam wí.

Nílùú wa, kí á tó kọ nǹkan fún ènìyàn, tíì á kọ́kọ́ tutù lẹ́ẹ̀mẹta. A ó ní ẹ má bínú, a ó ní ojú yín là ń wò, a ó ní Ọlọ́run ló mọ̀, a ó ní ẹ jẹ́ ká rò ó, títí àlejò fúnra rẹ̀ á fi wá bàtà rẹ̀. Nezhat dúró, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí ìyókù ọ̀rọ̀.

Kò sí ìyókù. Golandam ti ilẹ̀kùn, ó gba ẹrù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì ní kó wá bá òun na òwú.